Àwọ̀ Obì Lára Táìsì

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ti dáwọ́ dúró pátápátá, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé. Àwa mẹ́ta la dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìkẹ́nnẹ́: èmi, ìyá ìyàwó mi, àti àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin, tó ń ta táyà ní Ògèrè. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ti di olóògbé láti bí ọdún mẹ́ta.

Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti yàrá ìyá wọn ni. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Ọwọ́ náà tutù, ọ̀dà ara ògiri sì ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ.

"Bùrọ̀dá, ẹ wò ó," ó ní. "Òjò ò rọ̀ mọ́, omi ṣì wà lára ògiri. Ṣé ẹ fẹ́ kí Màmá hu olú ni?"

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. N kò wo inú yàrá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n níbi tí mo dúró sí, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nìkan ni mo lè rí. Ó ya mí lẹ́nu pé àárín yàrá gan-an ni bẹ́ẹ̀dì náà wà, ó jìnnà sí gbogbo ògiri. N kò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

Ó ní òun kò bá mi jà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìtọ́jú ìyá wọn, ó sì dúpẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyá ti ń wúkọ́, òun sì ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ ní Ògèrè. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni òun máa gbé ọkọ̀ ẹrù òun wá. Bí ògiri bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, òun á kó ẹrù Màmá, wọ́n á jọ máa lọ.

Ìyá ìyàwó mi tú gèlè rẹ̀, ó sì tún un wé.

Mo fẹ́ kí ìyá yìí dúró. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe rí. Àwọn ọmọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Bí ó bá lọ, èmi nìkan ló kù nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ tó bí, ìyá náà kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àna mi ni.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe dé ilé mi, nítorí ìyá ìyàwó kì í sábà gbé ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ nígbà àìsàn ni. Nígbà tí a sìnkú tán, mo rò pé yóò lọ. Òun náà, bí mo ṣe wá gbọ́, ń retí pé kí n sọ fún un pé kó máa lọ. N kò sọ. Kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́ta ṣe kọjá.

Kò sí ìjà láàárín wa, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Láàárọ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i, yóò súre fún mi, ó parí. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó lè mọ̀ pé èmi ni. Oúnjẹ mi á wà lórí tábìlì, yóò ti fi àwo dé e. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ kí n gbọ́, àwọn adìyẹ ló máa ń bá sọ ọ́. Yóò jókòó sẹ́yìn ilé, yóò ní, "Ẹ̀yin adìyẹ yìí, kẹrosíìnì ti tán o," èmi tí mo wà nínú ilé yóò gbọ́, n ó sì ra kẹrosíìnì bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní ti yàrá rẹ̀, láti ọjọ́ tí yàrá náà ti di tirẹ̀, n kò fi ẹsẹ̀ kàn án.

Obì ni òun àti ìyàwó mi ń tà, gbànja, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń kó láti Ṣàgámù lọ sí òkè Ọya. Ṣọ́ọ̀kì tí ìyàwó mi fi ń sàmì sí apẹ̀rẹ̀ obì ló fi kọ́ mi ní lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sì ni pátákó wa. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà. Ilé ìwé alẹ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí mo ti ń tọ́jú yàrá ẹrù títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Balùwẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fọ obì lẹ́yìn tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ tán. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, omi sì ń rí ọ̀nà jáde. Omi obì máa ń pọ́n bí omi tí irin dípẹtà sí. Táìsì funfun ni ìyàwó mi rà fún ògiri balùwẹ̀ nígbà tí a kọ́lé, símẹ́ńtì funfun ni wọ́n sì fi dí àárín ọ̀kan sí èkejì. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà àárín wọn fi pọ́n. Mo bínú sí i díẹ̀. Ìyàwó mi kò kà á sí. Ó ní bí ilé olóbì bá funfun jù, àwọn oníbàárà á rò pé kò tà.

Lẹ́yìn tó lọ, àwọn ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dáwọ́ obì dúró. N kò bi ara mi léèrè ìdí.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, mo mú ṣíbí kan wọ balùwẹ̀. Ògiri kan ni balùwẹ̀ àti yàrá ìyá jọ ní. Mo fi ìdí ṣíbí lu àwọn táìsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára ń dún kó. Èyí tí omi ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún bí igbá òfìfo, wọ́n sì pọ̀ nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ obì. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo tì í bọ àárín táìsì méjì. Ó wọlé. Mo rò pé yóò dúró, kò dúró. Símẹ́ńtì ti tán níbẹ̀. Ihò lásán ló kù, tó tẹ̀lé etí táìsì lọ bí ọ̀nà èèrà.

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Táìsì kò fọ́, ògiri kò là. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe ni.

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta símẹ́ńtì lẹ́bàá ọjà. Ó bi mí pé kí ni a fi ń fọ balùwẹ̀ náà. Mo ní omi àti ọṣẹ. Ó mi orí. Ó ní omi àti ọṣẹ kò lè ṣe símẹ́ńtì bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá ń fi ṣíbí bù ú jẹ nínú ilé mi. Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ra símẹ́ńtì funfun díẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún un, nítorí n kò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ náà. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń wà ní balùwẹ̀ wa láàárọ̀. Mo ti pinnu tipẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń ro ìyá, pé ó ń fi ọsàn wẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bi àna rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tètè jí ju bí mo ṣe ń jí lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ògiri náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo gbọ́ nǹkan tó ń dún hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́. Mo lọ sí balùwẹ̀, mo sì gbàgbé láti wúkọ́.

Ìyá ìyàwó mi wà lórí àpótí, àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti là sí méjì kún àwo kan, iyanrìn díẹ̀ wà nínú òmíràn. Ó ń fi kànrìnkàn ha àwọn ìlà àárín táìsì, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láìkánjú, bí ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ kò ní í mọ́ bá òun.

Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lórí omi. Ikùn mi tutù.

"Ẹ má bínú, àna mi," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹ wá bá àwọ̀ obì níbi tí ẹ ti fẹ́ wẹ̀."

Mo bi í pé láti ìgbà wo.

"Láti ìgbà tí ẹni tó ni ín ti lọ. Ọmọ mi lè kun ilé ọkọ rẹ̀ ní àwọ̀ tó bá wù ú. Èmi, àlejò ni mí."

Mo dìde. Mo rí kànrìnkàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tù funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn, símẹ́ńtì ara ògiri mi sì ni. Ó yé mi nígbà náà. Ọsàn kíkan ló ń mú símẹ́ńtì rọ̀, iyanrìn ń ha á kúrò, omi sì ń tọ ihò náà lọ sínú yàrá òun fúnra rẹ̀. Mo ní kó rọra máa ṣe é, mo bá padà lọ múra iṣẹ́.

Gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi rò ó nínú yàrá ẹrù. Bí mo bá sọ fún un pé òun ló jẹ símẹ́ńtì náà tán, ìtìjú ni yóò gbé e lọ sí Ògèrè, kò ní í dúró de ọjọ́ Àìkú. Bí n kò bá sọ ọ́, èyí tí mo fẹ́ fi dí i yóò tún tán bí ti àkọ́kọ́. Mo ka àwọn ṣọ́bìrì tó wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ọ̀nà kẹta.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, mo wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo pààrọ̀ aṣọ, mo mú ìṣó ńlá kan àti abẹ ayùn tó ti ṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ohun tó kù láàárín àwọn táìsì náà. Èyí tó bá ti jẹrà gbọ́dọ̀ jáde tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun kò ní í rí ibi dì mú. Iṣẹ́ sùúrù ni. Bí ọwọ́ bá yà, etí táìsì á ṣẹ́.

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé àpótí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. N kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin adìyẹ," ó ní, "ẹ bá mi bi àna mi pé kí ló jẹ símẹ́ńtì ara ògiri rẹ̀."

Àwọn adìyẹ ti wọlé sùn.

Mo dáwọ́ dúró. Mo ṣa èérún símẹ́ńtì kan nílẹ̀, èyí tó ṣì le. Àwo ọsàn rẹ̀ ṣì wà ní igun. Mo mú ààbọ̀ ọsàn kan, mo fún un sórí èérún náà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó hó. Ó ń ta ìfófòó wẹ́wẹ́, ó ń dún ṣíì. Mo na ọwọ́ náà sí i. Ó tẹ orí ba, ó wò ó, ó sì gbé etí sún mọ́ ọn.

Ó fi ìdí ìró bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó ṣí ojú, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ ò rí nǹkan," ó ní. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbẹ́ kànga sí yàrá ara mi."

N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Ó jọ ti ọmọ rẹ̀. Ó fún mi láyà láti bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi pé ògiri ń tutù.

"Nílé àna? Kí n wá jókòó sílé àna, kí n tún máa ráhùn?" Ó ní bí omi bá ti ń sún mọ́ òun ni òun ń ti bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí òun fi bá ara òun láàárín yàrá. "Ẹ̀yin ńkọ́? Láti ọjọ́ yìí, ẹ ò yọjú wò ó."

"Yàrá yín ni, Ìyá."

"Ilé yín ni."

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí a tíì jọ sọ nìyẹn. Mo kọjú sí ògiri padà, ó sì rọrùn fún mi láti sọ èyí tó kù nígbà tí n kò wo ojú rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ sí Ògèrè," mo ní.

Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá funfun ni èyí tí mo fẹ́ fi dí i yóò jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní yóò tún pọ́n, òun kò sì ní í lè wò ó kí ọwọ́ má yún òun. Mo ronú sí i. Mo ní kó jẹ́ kó ti ìbẹ̀rẹ̀ pọ́n.

Mo padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà símẹ́ńtì, mo ra díẹ̀ nínú lúbúlúbú pupa tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ ilé kó lè máa dán. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a jọ jókòó sẹ́yìn ilé. Mo da símẹ́ńtì funfun sórí àtẹ àtijọ́ kan, mo fi pupa díẹ̀ sí i, mo fi omi pò ó. Ó mú obì kan jáde láti ìṣẹ́tí aṣọ, ó bù ú jẹ díẹ̀, ó dúró kí ojú ibi tó jẹ pọ́n, ó wá gbé e ti ohun tí mo pò.

"Èyí ti pọ́n jù. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Mo fi funfun kún un.

"Èyí ti di àwọ̀ obì tó jẹrà."

Mo fi pupa bíńtín kún un. Ó wò ó pẹ́. Láti kékeré ló ti ń ṣa obì, kì í ṣe ohun tó ń kánjú sí. Ó gbé iyókù obì náà sẹ́nu, ó ní, "Òun nìyẹn."

Kò gbọdọ̀ ṣàn, kò sì gbọdọ̀ gan. Ó yẹ kó rí bí àkàmù tó ti tutù nínú ìkòkò. Mo fi omi rin àwọn àlàfo náà díẹ̀ kí ògiri má baà fa omi inú símẹ́ńtì mu. Mo ń wá ohun tí n ó fi tẹ̀ ẹ́ wọlé, nítorí irin á ha táìsì. Ó bọ́ sílípáàsì rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, tó ti jẹ ní gìgísẹ̀, ó jù ú sí mi. Mo gé e sí méjì. Mo ń fi í fa símẹ́ńtì náà gba ìdábùú kọjá lórí ìlà, kó má baà wú u jáde padà. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, mo fi fóòmù tí mo fún dáadáa nu orí táìsì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ kan wọ sílípáàsì, ó fi èkejì tẹlẹ̀, ó ń tọ́ka sí ibi tí mo fò.

Mo sọ fún un pé a kò gbọdọ̀ da omi síbẹ̀ títí yóò fi le. Mo fi páànù àtijọ́ méjì gbé ibi ìwẹ̀ kan dìde fún un lẹ́yìn ilé. Láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń fi ọwọ́ wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sára àwọn ìlà náà, kí wọ́n má baà gbẹ kíákíá kí wọ́n sì sán. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́ tó kù nínú agbọ̀n, a fún un sínú ẹ̀kọ mímu. Ó dùn.

Àbúrò ìyàwó mi dé ní ọjọ́ Àìkú bó ṣe wí. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà. Ó lọ wo balùwẹ̀, ó ní àwọn ìlà náà dára, ó ní ta ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó tún na ọwọ́ sí mi. Ọ̀dà kò lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

"Ṣùgbọ́n ó ṣì tutù, Bùrọ̀dá," ó ní. "Mi ò ní í parọ́ fún yín."

Òótọ́ ló sọ. Omi tó ti wọ ògiri fún ìgbà pípẹ́ kò lè jáde tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo wo ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá ìyàwó mi wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gèlè rẹ̀ ò yẹ̀ lórí, kò tú u.

"Gbé ọkọ̀ rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Adìyẹ fẹ́ kọjá."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ṣebí a ti jọ sọ ọ́."

"Ìwọ lo sọ ọ́. Ògiri ń gbẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, àna mi yóò wọ yàrá mi, yóò bá mi ti bẹ́ẹ̀dì mi padà sí àyè rẹ̀."

Àbúrò ìyàwó mi wò mí. Ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ òun àti ìyàwó mi, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí pé ìyá rẹ̀ ní kí àna wọ yàrá òun.

"Bùrọ̀dá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó lọ sún ọkọ̀. Nígbà tó ń lọ, apẹ̀rẹ̀ obì kan ló bá a lọ, kó lè bá ìyá rẹ̀ tà á fún àwọn awakọ̀ ní Ògèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó súre fún mi, ó sì yẹra kí n lè wọlé. Mo wọlé. Mo ti bẹ́ẹ̀dì náà padà sídìí ògiri, mo fi àyè àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á. Mo fi ọwọ́ kan ògiri náà láti òkè wá sísàlẹ̀ títí mo fi dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo bi í bóyá ó ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ní í, ti àwọn apẹ̀rẹ̀ obì. Mo fa ìlà kan sí ibi tí omi náà dé, kí a lè máa rí i bó bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ó ní ìlà náà wọ́. Mo fi ọwọ́ pa á rẹ́, mo tún un fà, mo sì lọ sí ibi iṣẹ́.